Àmì Dúdú Mẹ́ta Lójú Kọ̀ǹpútà

Pákó kan ṣoṣo ló pín ṣọ́ọ̀bù mi àti ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Fáànù. Èmi ń ránṣọ, òun ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ọdún mẹ́sàn-án la ti jọ wà níbẹ̀. Ohun tí n ò bá fojú rí nínú ọ̀rọ̀ yìí, mo gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn pákó. Èyí tí n ò sì gbọ́, mo bi í nígbà tí ara ẹ̀ balẹ̀, ó sọ ọ́ fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ ní Àǹtí Fáànù. Kì í kọ́kọ́ tú kọ̀ǹpútà. Á tàn án, á gbé etí sí i, á dijú, á ní, “Fáànù yìí ń mí bí ẹni tó gun àtẹ̀gùn. Eruku ti dí i nímú.” Wọ́n á tú u, eruku á wà nínú ẹ̀ bí òwú inú ìrọ̀rí. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, gíláàsì ẹ̀ máa ń wà lórí irun, kì í sí lójú.

Iṣẹ́ tó fẹ́ràn jù ni ti káàdì àwòrán. Ìyẹn ni pátákó pẹlẹbẹ kan tó ń gbé inú kọ̀ǹpútà, tó ní fáànù tiẹ̀. Òun ló ń ya gbogbo ohun tí èèyàn ń rí lójú kọ̀ǹpútà. Tó bá lágbára, mọ́tò inú géèmù á máa sá geere. Tí kò bá lágbára, mọ́tò á máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́.

Lọ́dún méjìlá sẹ́yìn, òun àti àbúrò ẹ̀ ọkùnrin ra káàdì kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀ kan náà, lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ méjì tó ń bá ara wọn figagbága. Ti Àǹtí dúdú, ti àbúrò ẹ̀ pupa. Bí wọ́n ṣe ń pè wọ́n náà nìyẹn, Dúdú àti Pupa, bí ẹni ń pe ọmọ. Iṣẹ́ àbúrò yìí ni kó máa yàwòrán ilé fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé. Ọ̀gá Pupa ni Àǹtí ń pè é tó bá fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Gbogbo Sátidé àkọ́kọ́ nínú ọdún, wọ́n á ki káàdì méjèèjì bọ inú kọ̀ǹpútà kan náà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Wọ́n á fi géèmù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ́dún yẹn dán wọn wò, ọ̀nà kan náà, ìyípo mẹ́ta. Àǹtí á kọ iye àwòrán tí káàdì yà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan sínú ìwé, á kọ bó ṣe gbóná tó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Mo ti rí ìwé yẹn. Lọ́dún kìíní, Dúdú 62, Pupa 54. Àǹtí fi odindi ọdún kan gbé imú sókè. Lọ́dún kẹrin, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, 47 àti 46. Lọ́dún kẹfà, Pupa ti lé e bá, ó ti kọjá ẹ̀: Dúdú 31, Pupa 37. Ohun tó fà á ni pé mẹ́mórì Pupa pọ̀ ju ti Dúdú. Nígbà tí wọ́n rà á, kò sí géèmù tó ń lò ó tán, àfi nígbà tí àwọn géèmù wá ń tóbi sí i. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ò sì yéé fi àpídéètì ránṣẹ́ sí i, ìyẹn ìtọ́ni tuntun tí káàdì fi ń mọ bó ṣe máa gbé géèmù tuntun. Ti Dúdú, wọ́n dáwọ́ dúró lọ́dún kẹsàn-án. Lọ́dún kọkànlá, géèmù tuntun kọ̀ láti ṣí lórí Dúdú rárá. Ó ṣí lórí Pupa, 14, ó ń wọ́ lọ bí ẹni tí bàtà há lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣí.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti gbà báyìí?” ni àbúrò wí lọ́jọ́ náà. Mo wà níbẹ̀, bọ́tìnì ni mo ń gán.

“Gba kí ni? Pupa rẹ gbóná dé 84. Ẹ̀ẹ̀mejì lo ti pààrọ̀ fáànù ẹ̀. Dúdú tèmi ò kọjá 71 rí, fáànù tó gbé wá látilé-iṣẹ́ ló ṣì ń lò.”

“Ó tutù lóòótọ́, àmọ́ kò lè rìn. Òkú náà tutù.”

“Ẹnu rẹ yìí, ọjọ́ kan màá fi abẹ́rẹ́ télọ̀ rán an pa!”

Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn. Wọ́n á jà dáadáa, wọ́n á sì jọ jẹun.

Àìsàn kan wà tó máa ń pa káàdì tó ti dàgbà. Mẹ́mórì ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Á kọ́kọ́ ta àmì kéékèèké sójú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà á máa kọ mànà. Lẹ́yìn náà apá kan á ṣú. Àǹtí mọ àìsàn yẹn bí èmi ṣe mọ aṣọ tó fẹ́ ya lábíyá.

Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa ṣe ti ọdún kejìlá, aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá díẹ̀, ó ti nu Dúdú, ó ti kì í bọ inú kọ̀ǹpútà. Mo gbọ́ tó ní, “Háà.” Kò pariwo. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ láìwọ bàtà.

Àmì dúdú mẹ́ta ló rí, lápá ọ̀tún lókè.

Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn. Mẹ́ta. Ó ní ohun tó kọ́kọ́ bà á lẹ́rù ni ẹnu àbúrò ẹ̀, pé Dúdú máa kú nígbà tó ku ọjọ́ márùn-ún sí ìdánwò, wọ́n á sì fi í ṣẹ̀sín títí ayé. Kò sọ fún mi. Ó yọ Dúdú, ó mú Pupa. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni Pupa máa ń sùn tí ọjọ́ náà bá ti kù díẹ̀. Ó kì í bọ ibẹ̀.

Àmì mẹ́ta náà wà níbẹ̀.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: tí nǹkan ò bá dáa, á pààrọ̀ ẹyọ kan ṣoṣo, á fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà, á wò ó. Tó bá ṣì wà bẹ́ẹ̀, ẹyọ yẹn ò jẹ̀bi, ó yá, ó kan èyí tó tẹ̀lé e. Ọ̀nà yìí ò já a kulẹ̀ rí. Ó ní, “Káàdì méjì ò lè kú lọ́jọ́ kan náà, torí náà wáyà ni.” Ó fi ìyẹn tu ara ẹ̀ nínú títí a fi ti ṣọ́ọ̀bù.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ó pààrọ̀ wáyà. Àmì ti di mọ́kànlá, ó kà wọ́n. Ohun tó ń dà á láàmú ni pé àmì tí káàdì bá ta kì í kúrò lójú kan. Àwọn wọ̀nyí ń léfòó. Tó bá fẹ́ wo ọ̀kan dáadáa, á rọra yọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tó dọ̀sán, mànà bẹ̀rẹ̀, bí ẹni ń ya fọ́tò lápá ọ̀tún ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló yíjú wo ẹnu ọ̀nà, kò sí ẹnì kankan.

Ìgbà náà ló pe àbúrò ẹ̀. Mo gbọ́ ti Àǹtí láti ẹ̀yìn pákó, mo sì gbọ́ ti àbúrò náà nítorí ó gbé ohùn fóònù sókè, ó fi í sórí tábìlì kó lè lo ọwọ́ méjèèjì.

“Ojú ló ń ṣe ràdàràdà,” ló wí. “Ó ń ta àmì, ó tún ń kọ mànà.”

“Ojú wo?”

“Ojú tí mò ń lò níbí, ojú wo ni ì bá tún jẹ́?”

“Ẹ pààrọ̀ ẹ̀ nígbà náà. Ṣé ojú kan ṣoṣo lẹ ní ni?” Àbúrò rẹ́rìn-ín. “Àbí Dúdú ló fẹ́ dágbére, tí ẹ ń bò ó mọ́lẹ̀?”

“Lọ ya ilé tí ò ní ìlẹ̀kùn lọ jàre.” Ó pa fóònù.

Nínú èdè wa, ojú lojú èèyàn, ojú náà lojú kọ̀ǹpútà. Ojú kọ̀ǹpútà làwọn méjèèjì ń sọ. Kò sí ẹni tó ṣàṣìsọ.

Lọ́jọ́rú ó lọ yá ojú kọ̀ǹpútà tuntun lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á ní òdìkejì títì, ó ṣì wà nínú páálí. Ó gbé e kalẹ̀. Ó tàn án. Ó yí kọ̀ǹpútà sí sọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn. Ó nu ojú tuntun náà. Mo gbọ́ bí skurúdíráfà ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì, ọwọ́ tó jẹ́ pé ó lè mú ìṣó tí ò tó ẹyọ ìrẹsì láìjẹ́ kó bọ́.

Ó wá sọ́dọ̀ mi. Ó ní òun fẹ́ mu omi. Mò ń rán aṣọ iṣẹ́ fáwọn nọ́ọ̀sì, funfun láúláú, mẹ́fà, mo tẹ́ wọn sórí tábìlì. Ó dúró, ife wà lọ́wọ́ ẹ̀.

“Télọ̀, ta ló ta yíǹkì sí aṣọ yìí?”

Aṣọ oníbàárà ni. Mo gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, mo yí iwájú ẹ̀, mo yí ẹ̀yìn.

“Níbo, Àǹtí?”

“Níbẹ̀ yẹn. Níbẹ̀. Ó tún wà lórí èkejì.”

Ó na ìka. Ìka náà ń tẹ̀lé nǹkan kan tó ń lọ, láti ọrùn aṣọ dé apá, ó kọjá tábìlì, ó gun ògiri. Èmi náà ń wo ìka ẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìka náà dúró. Mo rí i tó yé e.

Ó gbé ife kalẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú òsì, ó wo aṣọ. Ó gbé e kúrò, ó bo ti ọ̀tún, ó wò ó. Ó tún bo ti òsì. Ó jókòó sórí àpótí òwú mi.

“Gbogbo ẹ̀ ni mo ti pààrọ̀,” ló wí. “Èmi ló kù.”

Mo ní ká lọ sílé ìwòsàn ojú lójú ẹsẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní ó di ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìdánwò, bóyá oorun ni ò sùn tó. Mo bá a jà díẹ̀, n ò jà tó. Kó tó lọ ló sọ ọ̀rọ̀ bàbá wọn fún mi. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni nígbà tí bàbá yẹn fọ́jú, òun ló ń fà á lọ́wọ́ káàkiri. Bàbá náà ní bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé eṣinṣin ń fò lójú òun, òun ń lé e. Ó ní lẹ́yìn ìyẹn ó dà bí ẹni pé ẹnì kan rọra ń fa aṣọ bo ojú òun láti ìsàlẹ̀. Ọjọ́ kẹta, aṣọ ti dé òkè. Ojú kejì tẹ̀lé e lẹ́yìn ọdún méjì.

“Ọdún méjìdínlógójì ni n ò fi ronú kan eṣinṣin yẹn,” ló wí.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi òwú sí abẹ́rẹ́, wọ́n kan pákó, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

“Télọ̀.” Ohùn ẹ̀ kéré bí tọmọdé. “Wá. Apá ìsàlẹ̀ ti ṣú.”

Mo pe àbúrò ẹ̀. Ọkọ Àǹtí wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú ọkọ̀ ẹrù, ó ku ọjọ́ mẹ́rin kó dé. N ò rántí pé mo ti ìlẹ̀kùn. Nínú ọkọ̀, ó bo ojú òsì, ó ń fi ọwọ́ wọn bí aṣọ yẹn ṣe ga tó, ó ń sọ ọ́ fún mi bí ẹni ń ka ìwé: “Ó ti dé àgbọ̀n rẹ. Ó ti dé imú rẹ.” Mo ní kó má wò ó mọ́. Ó ní tí òun ò bá wò ó, ó máa dà bíi pé ó ń yára.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì mú bírò.

“Ojú wo ló ń yọ yín lẹ́nu, mà?”

“Tuntun ni. Àná ni mo pààrọ̀ ẹ̀.”

Nọ́ọ̀sì gbé bírò dúró. “Ẹ pààrọ̀ ojú?”

“Mo pààrọ̀ káàdì, mo pààrọ̀ wáyà, mo wá pààrọ̀ ojú…” Ó gbọ́ ohun tí òun ń sọ. Àbúrò ẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó sì ṣàdédé dá ẹ̀rín náà dúró. Ó rántí ohun tí òun sọ lórí fóònù. Ó fara ti ògiri, ó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tòun ti ṣòkòtò iṣẹ́ ẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dárí jì mí. Mo ní ṣé ojú kan lẹ ní.”

“Dìde. Ilẹ̀ yẹn dọ̀tí.”

Dókítà jẹ́ obìnrin, ohùn ẹ̀ ò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀. Ó ní kí Àǹtí sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, Àǹtí sọ ti bàbá ẹ̀ àti ti Ọjọ́ Ajé mọ́ ọn. Ó kán oògùn sí i lójú, ó fi iná wò ó pẹ́ títí. Ó ní awọ kan wà lẹ́yìn ẹyinjú, òun ló ń gba gbogbo ohun tí èèyàn ń rí. Ó ti ya, ó sì ń ṣí kúrò lára ibi tó lẹ̀ mọ́.

“Ó ń yọ kúrò nínú ihò ẹ̀,” ni Àǹtí wí.

“Ẹ lè sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ṣé wọ́n ń pààrọ̀ ẹ̀?”

“Rárá, mà. Èyí tí wọ́n bí yín mọ́ náà ni. Ohun tá a lè ṣe ni ká dá a padà sí àyè ẹ̀.” Ó fa àga súnmọ́ ọn. “Àárín ẹ̀ ò tíì ṣí. Ó kù díẹ̀. Tí àárín bá ṣí, bá a bá tiẹ̀ tún un ṣe, kò ní rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Torí náà òní ni. Kì í ṣe ọ̀la.”

Àǹtí wo àbúrò ẹ̀. Àbúrò ẹ̀ wò mí. Èmi ń wo ilẹ̀. Àbúrò fọwọ́ síwèé tí wọ́n gbé síwájú ẹ̀, ìlà ọwọ́ ẹni tó ń ya ilé tó dúró ṣánṣán, ó wọ́ bí ọ̀nà ejò.

Aago mẹ́ta ọ̀sán ni wọ́n gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Wọn ò mú un sùn, ojú nìkan ni wọ́n fi oògùn pa kú. Wọ́n ní kó má mira, kó má sọ̀rọ̀, kó má wúkọ́. Wọ́n fi aṣọ bò ó lórí, ihò kan ṣoṣo ló wà ní ibi ojú. Ó ní òun rí irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú ojú òun, bí igi nínú omi, àmọ́ ìyẹn kọ́ ló ba òun lẹ́rù jù. Ẹ̀rọ tó ń bá dókítà ṣiṣẹ́ wà lápá òsì ẹ̀, ó ní fáànù. Ó sì ń gbọ́ ọ. Fáànù náà ń há. Á yí dáadáa fún bíi ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, á ní “kẹ̀rẹ̀”, á falẹ̀, á tún gbéra. Ó mọ ohùn yẹn. Ohùn fáànù tó fẹ́ dúró ni. Wọ́n ti ní kó má sọ̀rọ̀. Irin wà lójú ẹ̀. Ó dùbúlẹ̀, ó ń ka “kẹ̀rẹ̀” yẹn, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mẹ́tàdínlógójì ló kà. Ó ní gbogbo ìgbà tó bá ti falẹ̀, òun náà á dá mímí dúró títí á fi gbéra.

Bí wọ́n ṣe ń ṣí aṣọ kúrò lórí ẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni, “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, fáànù ẹ̀rọ yín fẹ́ kú. Ẹ má fi ṣe ẹlòmíì kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ ẹ̀.” Wọ́n rò pé oògùn ló ń sọ̀rọ̀.

Afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi sínú ojú náà láti tẹ awọ yẹn mọ́lẹ̀. Torí náà ó gbọ́dọ̀ da ojú délẹ̀ fún ọjọ́ méje, tọ̀sán-tòru, àfi tó bá fẹ́ jẹun tàbí lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n ṣí báńdéèjì lọ́jọ́ kejì, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló rí, bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ odò. Dókítà ní bó ṣe máa rí nìyẹn. Àǹtí ò gbà á gbọ́. Ẹsẹ̀ wa nìkan ló ń rí pẹ̀lú ojú òsì. Ó ń fi sálúbàtà mọ̀ mí, ó ń fi sọ́ọ̀kì tó lu mọ àbúrò ẹ̀.

Sátidé dé. Kò sẹ́ni tó dárúkọ káàdì. Àbúrò dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ létí bẹ́ẹ̀dì, lábẹ́ ibi tí orí Àǹtí yọ sí, ó kọjú sókè, kí wọ́n lè rí ara wọn.

“Tí kò bá là ńkọ́?” ni Àǹtí bi í. “Tí èkejì bá tẹ̀lé e? Ta ló máa fà mí lọ́wọ́?”

“Èmi.”

“Ìwọ tí o máa ń forí gbá férémù ìlẹ̀kùn tí ìwọ fúnra rẹ yà.”

“A jọ máa gbá a ni.”

Àǹtí rẹ́rìn-ín, omi ojú ẹ̀ sì ń kán sí àbúrò náà níwájú orí. Kò nù ún kúrò.

Ọjọ́ kẹjọ, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà sọ́dọ̀ dókítà. Láti ilé débẹ̀, Àǹtí ò ṣí ojú ọ̀tún yẹn. Ó ní òun ò fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa mọ̀. Ó jókòó. Dókítà bo ti òsì, ó ní kó ṣí i.

Ó pẹ́. Ó rọra ṣí i.

“Ìka mélòó?”

“Méjì.” Ó gbé omi mì. “Ó dà bí ìgò tí wọ́n bu omi sí dé ìdajì. Nísàlẹ̀, omi ń mì. Lókè, mo rí yín. Ẹ wọ yẹtí.”

Àbúrò ẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu.

“Àmọ́ òpó ìlẹ̀kùn yẹn tẹ̀,” ni Àǹtí wí. “Ṣé ó tẹ̀ ni?”

“Kò tẹ̀. Ojú yín ni. Ó lè tọ́ tó bá yá, ó lè má tọ́ tán. Ṣùgbọ́n awọ yẹn ti jókòó, ẹ ó máa fi ríran. Ká ní ẹ dúró dé Ọjọ́ Ajé tẹ́ ẹ sọ yẹn, ǹ bá má lè sọ bẹ́ẹ̀.”

Àǹtí mi kanlẹ̀. Dókítà ti ń kọ̀wé. Láìgbé orí sókè, ó ní, “Ẹ ní bàbá yín náà fọ́jú? Eṣinṣin, lẹ́yìn náà aṣọ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ọmọ bàbá yín nìyí?”

“Ọmọ ìyá, ọmọ bàbá.”

Dókítà wo àbúrò. “Ẹ jókòó sórí àga yẹn, sà.”

“Èmi? Kò sí nǹkan tó ṣe mí o. Ojú mi dáa. Iṣẹ́ ìlà tín-ín-rín ni mò ń ṣe lójoojúmọ́.”

“Òun náà, iṣẹ́ ìṣó tín-ín-rín ló ń ṣe.”

“Ṣé ẹ ò lè jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀? Mo ní ilé tí mo fẹ́ yà fún…”

“Jókòó,” ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wí.

Ó jókòó. Wọ́n kán oògùn sí i, wọ́n dúró kó ṣiṣẹ́, ogún ìṣẹ́jú, kò fi ẹnìkankan ṣe yẹ̀yẹ́. Dókítà tan iná, ó ní kó wo òkè. Ó ní kó wo ìsàlẹ̀. Ó ní kó wo ọ̀tún, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ó tún ní kó wo ọ̀tún. Àbúrò na ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìwò, ó ń wá nǹkan dì mú. Àǹtí fún un ní tiẹ̀.

“Kò sí nǹkan kan nínú èyí,” ni dókítà wí. “Ẹ jẹ́ ká wo èkejì.”